Òun náà á lọ

Mi ò fẹ́ kọ nǹkan kan lónìí tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ ń dùn mí (ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ èwo), bàtà mi ṣì ń rùn níta ìlẹ̀kùn, mo kàn fẹ́ sùn ni. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ni ò jẹ́.

Kí n tètè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀: èmi àti ẹ̀gbọ́n jáde kúrò láàárín Dakar láàárọ̀, a dé Pikine, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dakar ní Senegal níbí, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò kan ń kó ọ̀rá àti ẹrọ̀fọ̀ kúrò nínú gọ́tà kí òjò tó dé, torí ní Pikine, omi kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Mo bá wọn kó díẹ̀. A padà. Ó tán.

Ìgbà tí mò ń bọ́ ìbọ̀wọ́ lọmọkùnrin kan tó gbé ṣọ́bìrì léjìká, tó ń na kọ́kọ́rọ́ kan sí ọmọbìnrin tó ń kọ orúkọ wa sínú ìwé, sọ nǹkan sí ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní Wolof, èdè wọn níbí. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Mo bi ẹ̀gbọ́n pé kí ló wí. Wọn ò tiẹ̀ wojú mi.

"Ó ní òun náà á lọ."

Òun náà á lọ. Hùn.

Ó dùn mí o, kí n má purọ́. Òótọ́ sì ni. Àrìnrìn-àjò ni mí, àbí kí n gbé gọ́tà wọn rù lọ ni? Wákàtí méjì ni mo lò níbẹ̀, mo ti ya fọ́tò mọ́kànlá, ìtìjú mú mi nínú bọ́ọ̀sì mo pa mẹ́jọ rẹ́, ìgbà tó yá mo tún lọ gbà wọ́n padà, ẹ má bi mí. Ọmọbìnrin yẹn bi mí pé "Sátidé tó ń bọ̀ ńkọ́, tonton?" Èmi rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín, ó fi bírò rẹ̀ dúró lórí ìwé, ó ń dúró dè mí. (Tonton! Bọ̀ọ̀dá bàbá ni Faransé ń pè bẹ́ẹ̀. Ṣé mo ti dàgbà tó yẹn ni?)

Ẹ̀gbọ́n ń pìtàn fún mi bá a ṣe ń padà bọ̀, pé iṣẹ́ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, pé ní 1990 àwọn ọ̀dọ́ Dakar mú ìgbálẹ̀ àti ọ̀dà, wọ́n ń gbá àdúgbò wọn fúnra wọn, wọ́n ń ya àwòrán sára ògiri, Set-Setal ni wọ́n ń pè é, pé kí ibẹ̀ mọ́, kẹ́ ẹ sì mú un mọ́. Pé ní 2000, "Sopi" làwọn ọ̀dọ́ ń pariwo tẹ̀lé Abdoulaye Wade, ìyípadà nìyẹn, ó wọlé, ó di ààrẹ. Nígbà tó di 2011, iná tó ń lọ ṣáá ti sú àwọn olórin ráàpù àtàwọn oníròyìn kan, wọ́n dá Y'en a Marre sílẹ̀, orúkọ yẹn gan-an ni pé ó ti sú wa, wọ́n ń ti ọ̀dọ́ lọ gba káàdì ìdìbò, 2012 dé, Wade lọ. Òun náà lọ. Mo sọ ọ́ síta, ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, inú mi dùn díẹ̀.

Kó tó pẹ́ ni mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Ta ló bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa fojú wọn mí? Mo ṣáà kó ẹrọ̀fọ̀. Kò tiẹ̀ sí ìbínú nínú ohùn ọmọ yẹn, ìyẹn gan-an ló ń jẹ mí lára, bí ẹni tó ń sọ pé ọ̀la ni Sọ́ńdè...

Dúró ná.

Aago mọ́kànlá ti kọjá, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n sọ. Ó ní ÒUN náà á lọ. Tó bá jẹ́ èmi lọmọ yẹn ń bá wí, ṣé ẹ̀gbọ́n ò ní sọ pé "ó ní ìwọ náà á lọ" ni? Òun, ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Kọ́kọ́rọ́ yàrá irinṣẹ́ wọn ló ń fi sílẹ̀ yẹn.

Thiaroye, etíkun tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Yúróòpù, ò jìnnà síbẹ̀ rárá. Ní 2006, àwọn tí ọkọ̀ ojú omi gbé dé erékùṣù Canary ti Sípéènì lé ní 31,000, púpọ̀ nínú wọn etíkun Senegal yìí ni wọ́n ti wọkọ̀, ọkọ̀ apẹja lásán, "Barça walla Barsakh" ni wọ́n ń sọ, Barcelona tàbí ọ̀run. Wọ́n ṣì ń lọ.

Ó sì lè jẹ́ pé iléèwé ló ń lọ. Tàbí ilé ìyàwó àbúrò ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ èmi náà ló bú, torí ẹ̀gbọ́n ti pẹ́ láàárín àwọn tó ń sọ Wolof, Yorùbá wọn ti ń ta kókó. Mo ń fẹ́ kó jẹ́ èmi báyìí, ẹ gbà mí.

Ó wà nínú fọ́tò mẹ́ta. Ẹ̀yìn ló kọ sí mi nínú gbogbo ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ti ń hanrun, mo ti lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn lẹ́ẹ̀mejì. Aago mẹ́fà ìdájí ni bọ́ọ̀sì mi. Wọn kì í jí kí aago mẹ́jọ tó lù.