Ìgbà tí mo dẹ́kun "A dúpẹ́, Mà"

Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹta, ọdún 2020, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí oníkálukú jókòó sílé nítorí àrùn Kòrónà, èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá kékeré kan ní Leeds, níbi tí mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Ìyá mi a máa pè mí láti Ìbàdàn lálaalẹ́: "Ọmọ mi, ṣé àlàáfíà ni o wà?" Èmi a sì dáhùn pé, "A dúpẹ́, Mà," nítorí mo gbà pé ìfaradà ni kí ènìyàn má da ìyá tó wà lọ́nà jíjìn láàmú.

Nígbà tó fi di oṣù Kejìlá, tí oòrùn ti ń wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, mi ò rí oorun sùn mọ́, wíwẹ̀ ti di iṣẹ́ ńlá sí mi lọ́rùn, mo sì ń pe ara mi ní ọ̀lẹ.

Ohun tó kọ́kọ́ ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tó ń ṣe mí sílẹ̀ ní Yorùbá, nítorí èdè wa kò da àwọn nǹkan wọ̀nyí pọ̀. "Àárò ń sọ mí" yàtọ̀ sí "ẹ̀rù ń bà mí". Méjèèjì kò sì jọ "ayé sú mi". Bí ó bá jẹ́ àárò, mo máa ń pe àbúrò mi kí a jọ dáná lórí fídíò. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rù, ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá mi ló sábà máa ń fà á, mo sì máa ń béèrè bóyá wọ́n ti lo oògùn wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i pé "ayé sú mi" ni mo kọ léraléra fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, mo mọ̀ pé ó ti kọjá ohun tí mo lè dá gbé: àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àìnígbàgbọ́. Mo fúnra mi forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ sísọ ṣe lábẹ́ NHS (ètò ìlera ìjọba Gẹ̀ẹ́sì), èyí tí kò pọn dandan kí dókítà kọ́kọ́ kọ ìwé fún ẹni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe dúró pẹ́ tó èmi. Bí èrò àtikú bá sì wọlé, ẹ sọ fún ẹnìkan lọ́jọ́ náà gan-an.

Nínú oṣù Kìíní ọdún 2021 ni mo sọ òtítọ́ fún ìyá mi. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní láti ìgbà tí ìjọba ti ti ṣọ́ọ̀ṣì pa lọ́dún tó kọjá ni àwọn náà kì í ti í rí oorun sùn, "a dúpẹ́" sì ni àwọn náà fi ń dá mi lóhùn. Láti ọjọ́ náà, a kò bi ara wa bóyá àlàáfíà ni mọ́. Wọ́n á ní, "Aago mélòó lo sùn? Kí lo jẹ? Ṣé o jáde síta kí ilẹ̀ tó ṣú?" Èmi náà á sì bi wọ́n.