Kí ẹ tó ṣí fáìlì, ẹ wo ọwọ́ òṣìṣẹ́

Inú fáìlì ni ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò ààbò yàrá ìwádìí ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ń parí sí. Ìwé lè pé pérépéré kí ibi iṣẹ́ ṣì léwu. Ẹ wọlé nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, kí ẹ dúró síbi tí wọ́n ti ń da kẹ́míkà.

Ẹ kọ́kọ́ wo fume hood, ìyẹn àpótí ńlá onígíláàsì tó ń fa oru kẹ́míkà kúrò níwájú òṣìṣẹ́. Afẹ́fẹ́ tó ń gba ẹnu rẹ̀ wọlé yẹ kó máa sáré tó mítà 0.4 sí 0.6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá rọra jù, oru kẹ́míkà á padà sí imú òṣìṣẹ́. Bó bá le jù, afẹ́fẹ́ á máa yí po nínú rẹ̀, á sì tún tú oru náà síta. Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a so mọ́ etí gíláàsì iwájú lè fi hàn pé ó ń fa afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n kò lè sọ bó ṣe ń fà á tó. Ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ ló lè sọ ìyẹn. Ohun tó sábà ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ni ìgò tí wọ́n tò dí ihò tó wà lẹ́yìn nínú rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kó wọn kúrò lójú ẹsẹ̀. Kí iṣẹ́ sì wọnú tó sẹ̀ǹtímítà 15 láti etí.

Ìgò ìdọ̀tí kẹ́míkà ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bí ẹnìkan bá da nitric acid, ásíìdì líle kan, sínú ìgò tí acetone tàbí ethanol, àwọn olómi tí wọ́n fi ń yọ́ nǹkan, ṣì kù sí, ó lè dà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Gáàsì á máa kó jọ díẹ̀díẹ̀, ìgò tí wọ́n dé pinpin á sì bú gbàmù nígbà tí ẹni tó dà á ti lọ sílé. Nítorí náà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò kọ̀ọ̀kan. “Ìdọ̀tí” nìkan kò tó: gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló yẹ kó hàn. Kí wọ́n má kún un dé ẹnu, kí ìdérí rẹ̀ sì ní ibi tí gáàsì lè gbà jáde.

Ní ti diethyl ether àti THF (tetrahydrofuran), tí àwọn náà jẹ́ olómi tí wọ́n fi ń yọ́ nǹkan, ọjọ́ tí wọ́n ṣí ìgò gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀, torí pé peroxide tó lè bú máa ń hù nínú wọn. Bí ẹ bá rí nǹkan bí iyọ̀ létí ìdérí, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Ẹ pe àwọn tó mọ iṣẹ́ náà.

Ẹ̀rọ ìfọjú, èyí tí wọ́n fi ń ṣan ojú tí kẹ́míkà bá ta sí, ńkọ́? Kó wà níbi tí èèyàn lè dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, kí wọ́n máa tan án lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí omi rẹ̀ sì lè ṣàn fún ìṣẹ́jú 15.

Bí wọ́n bá ní àwọn ń wọ ìbọ̀wọ́, ẹ béèrè irú èyí tí wọ́n ń wọ̀, àti kẹ́míkà tí wọ́n torí rẹ̀ wọ̀ ọ́. Lọ́dún 1996, dimethylmercury, kẹ́míkà olóró kan tó ní mẹ́kúrì nínú, kán sórí ìbọ̀wọ́ latex (rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́) tí Karen Wetterhahn, ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́mísírì ní Dartmouth College ní Amẹ́ríkà, wọ̀. Ó gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì pa á lọ́dún 1997.

Àbùkù tó lè ṣe èèyàn léṣe lónìí, ẹ dá iṣẹ́ ibẹ̀ dúró kí ẹ tó jáde. Èyí tó kù, ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa tún un ṣe àti ọjọ́ tó máa parí rẹ̀.