Kí Ẹ Tó Gé Pákó Àtẹ̀gùn

Ẹ̀yin àbúrò wa tó ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà, bí onílé bá ní kí ẹ fi igi líle bo àtẹ̀gùn kọnkéré òun, ẹ má tíì gba owó pákó. Ẹ kọ́kọ́ mú téèpù.

Ká ní gbogbo ìgbésẹ̀ kọnkéré náà ló ga ní ínǹṣì 6, tí ẹ wá gbé pákó tó nípọn ní ínǹṣì 1 lé wọn. Àwọn ti àárín ò ní yàtọ̀, torí gbogbo wọn ló jọ ga sí i. Àkọ́kọ́ nílẹ̀ ni yóò di 7, èyí tó kángun sókè á sì di 5. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lóru tí kò tan iná, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ́ 6 lára. Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn ni yóò jìn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Òfin ilé kíkọ́ tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń lò ní Amẹ́ríkà kò gbà kí gíga ìgbésẹ̀ fi ju ínǹṣì 3/8 lọ yàtọ̀ síra. Ẹ wá wo ínǹṣì 2!

Bí wọn ò bá tíì da kọnkéré, ẹ sọ fún bíríkìlà kó dín àkọ́kọ́ kù sí 5, kó sì fi ti òkè sí 7. Bí táìlì àti sìmẹ́ǹtì abẹ́ rẹ̀ yóò bá fi ínǹṣì 1 ga lókè àti nísàlẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ wà ní 6. Ilé tí wọ́n ti parí pátápátá ló le: ẹ lo pákó tó fẹ́lẹ́ sí i, tàbí kí ẹ fi igi tó nípọn bákan náà bo ilẹ̀ òkè àti ti ìsàlẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ sọ fún onílé pé kó má ṣe é.

Nínú igi, àpá ni kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ́ tàbí kó wú. Ìrókò náà dára, àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣú sí i bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń bà á, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ ń yún ara, ó sì ń dí imú, kí ẹ bo imú. Nígbà míì òkúta máa ń wà nínú rẹ̀ tó ń ba eyín ayùn jẹ́. Àfárá rọ̀ jù fún ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Gìgísẹ̀ bàtà á máa dá ihò sí i. Ẹ lè fi ṣe pákó òòró, èyí tó ń bo iwájú ìgbésẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń dúró lé ìyẹn.

Àtẹ̀gùn tó ní pákó ìtẹ̀ 15 àti òòró 16, tó fẹ̀ ní ínǹṣì 42: bí ojú kọnkéré bá fẹ̀ ní ínǹṣì 10, pákó ìtẹ̀ á fẹ̀ ní 11, imú ínǹṣì 1, ìyẹn etí tó yọ síwájú, ti wà nínú rẹ̀. Pákó ẹsẹ̀bàtà 12 tó fẹ̀ ní ínǹṣì 12 á fún yín ní mẹ́ta, orí tó ti là á sì bọ́ síta. Márùn-ún ló tó; ẹ ra mẹ́fà. Fún òòró, ẹ la pákó sí méjì gbọọrọ, ọ̀kan á mú mẹ́fà wá, nítorí náà mẹ́ta ti tó. Bí òòró bá fi díẹ̀ kúrú nísàlẹ̀, pákó ìtẹ̀ á bò ó. Ẹ ní kí wọ́n la ti ìtẹ̀ ní ínǹṣì 1¼, kí ó lè ku 1 lẹ́yìn tí wọ́n bá fá a.

Pákó ọjà sábà máa ń tutù. Mítà ọ̀rinrin ni kí ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe ẹnu ẹni tó ń tà á: kó má ju 12% lọ, kó sún mọ́ 10% bí AC bá ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru nínú ilé. Ẹ tò ó sínú ilé náà fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí igi tẹ́ẹ́rẹ́ wà láàárín wọn. Ẹ lẹ ọ̀rá mọ́ kọnkéré di ọjọ́ kejì. Bí omi bá sẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ẹ dúró.

Ìgbésẹ̀ méjì kì í bára mu. Ẹ gé páálí kan fún igun òsì, òmíràn fún igun ọ̀tún, ẹ fi igi gbọọrọ so wọ́n pọ̀ lórí ìgbésẹ̀ náà gan-an, kí ẹ tó gbé àwòrán náà sórí pákó. Ẹ kọ nọ́ńbà sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ dín in kù ní mìlímítà 2 níhà ògiri kọ̀ọ̀kan.

Òòró méjì ni ẹ ó kọ́kọ́ lẹ̀, kí ẹ tó gbé pákó ìtẹ̀ sáàárín wọn. Ẹ wo ojú orí pákó: kí ìlà rẹ̀ rí bí igbá tó dojú sókè, kí etí méjèèjì lè máa tẹ ilẹ̀ bó bá ń gbẹ. Gọ́ọ̀mù funfun àwọn onípákó kò bá kọnkéré rẹ́. Ti polyurethane ni kí ẹ lò, ẹ tẹ́ ẹ káàkiri, torí ibi tó bá ṣófo ni yóò máa dún kọ̀ngọ̀. Ẹ fi skúrù ínǹṣì 2½ àti fíṣà, rọ́bà tí wọ́n ń kì sínú ihò kọnkéré, mú iwájú nìkan. Bí ẹ bá dè é níwájú àti lẹ́yìn, ọyẹ́ á là á.

Bó bá di fáníṣì, ẹ kun ìgbésẹ̀ 1, 3, 5 lọ́jọ́ kan, kí ẹ gbé páálí lé àwọn yòókù, kí àwọn ará ilé lè máa rí ọ̀nà gòkè lọ sùn.