Ẹ fọwọ́ kan ibi tó ń dún kí ẹ tó náwó: ohun tí ojú mi rí lórí sítíárìn

Ọ̀sẹ̀ méjì péré rèé tí ọkọ̀ mi kúrò lọ́wọ́ mẹkáníìkì, inú sì ń bí mi di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa tòkunbọ̀ lójú títì Ìbàdàn, mo mọ̀ pé ẹ mọ ìró tí mò ń wí. Ẹ yí sítíárìn láti jáde ní géètì, “kọ̀”. Ẹ dá a padà, “kọ̀”. Ẹ gun bọ́mpù, ó tún dún, á sì máa ta yín lọ́wọ́.

Mẹkáníìkì mi ò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, “Mọ́mì, rack yín ti lọ.” Rack ni irin gbọọrọ abẹ́ ọkọ̀ tí sítíárìn fi ń ti táyà sọ́tùn-ún sósì. Mo bi í bóyá nǹkan míì ni, ó ní ṣé òní lòun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Mo dákẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé n kò béèrè o, mo béèrè. Owó ọjà tí mo fẹ́ fi kó aṣọ ní Gbági ni mo yọ: ₦145,000 fún rack tòkunbọ̀, ₦20,000 fún owó iṣẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo gba ọkọ̀, àwọn ọmọ mi méjèèjì wà lẹ́yìn, a ń bọ̀ láti ilé ìwé. A ò tíì kúrò ládùúgbò mẹkáníìkì tí mo fi yí sítíárìn láti yẹ kòtò kan. “Kọ̀.” Ìró àná gan-an, kò dín, kò lé. Àyà mi já. Mo tún yí i. “Kọ̀.” Èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ ní, “Mọ́mì, ó ṣì ń dún.” N kò lè dá a lóhùn. Iná pupa kan ti tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, iná áàbáàgì, tí kò tàn rí. A dé Ìwó Road, ọlọ́kadà kan tó gbé obìnrin àti ọmọ kékeré ya wọ iwájú mi lójijì. Mo tẹ họ́ọ̀nù. Kò dún. Mo fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, kò dún. Bíréèkì ló kó wa yọ. Ọmọ tó wà láàárín wọn bojú wẹ̀yìn wò mí, pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù búlúù lọ́rùn ẹ̀. Mo ṣì ń rí ojú ọmọ yẹn bí mo bá dùbúlẹ̀. Mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo sunkún níwájú àwọn ọmọ mi.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Wáyà pẹlẹbẹ kan wà nínú sítíárìn, wọ́n ká a bíi rìbọ́ǹ, clock spring ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń gbé iná dé họ́ọ̀nù àti áàbáàgì, ó sì níye ìgbà tó lè yí sọ́tùn-ún tàbí sósì. Nígbà tí wọ́n tú rack, kò sẹ́ni tó de sítíárìn mọ́lẹ̀. Wọ́n ń yí i kiri, wáyà sì já. ₦35,000 míì nìyẹn.

Ọmọ iṣẹ́ kan níbi tí mo ti lọ ṣe àláímẹ́ǹtì, kí táyà lè tọ́, ló yanjú ẹ̀. Ó ní kí n pa ẹ́ńjìnnì, kí n ṣí kọ́kọ́rọ́ kí sítíárìn má baà há, kí n máa mì ín díẹ̀díẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ ibi ẹsẹ̀ mi, ó di joint sítíárìn mú, ìyẹn oríkèé tó so irin tó ti ọ̀dọ̀ sítíárìn wá mọ́ èyí tó lọ sídìí rack. “Mọ́mì, ó ń gbá mi lọ́wọ́.” Ó bọ́ sórí àga, ó ní kí èmi náà wá fọwọ́ kàn án. Mo kúnlẹ̀ lórí kọnkéré, mo nawọ́ wọlé. Irin òkè á ti yí díẹ̀ kí tìsàlẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àárín wọn ni “kọ̀” yẹn wà, ó ń lu ìka mi bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. A ra joint ní Gate, ₦28,000, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, ó dákẹ́.

Ẹ̀kọ́ kìíní, torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí: ẹ fọwọ́ kàn án. Irin sítíárìn ń gbé ìró lọ gbé ìró bọ̀, etí á sì ní abẹ́ ọkọ̀ ni. Ọwọ́ ló mọ̀. Kí ẹ́ńjìnnì ti kú ṣá o, kí ẹnì kan máa yí i, kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀kọ́ kejì: ẹ ṣọ́ ìgbà tó ń dún. Tó bá jẹ́ orí bọ́mpù nìkan, tí sítíárìn sì wà lọ́gangan, ẹ wo àwọn ohun tó gbé táyà ró: linkage, bush, ball joint àti ṣọ́ọ̀kì. Tó bá ń ké bí ẹ bá yí i dópin tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹ wo ọ́ìlì sítíárìn àti pọ́ǹpù. Tó bá ń dún bí ẹ bá ń mi sítíárìn lórí ìdúró, tí ẹ́ńjìnnì ti kú, bíi tèmi, joint tàbí rack ni ẹ máa kọ́kọ́ fura sí. Ẹ ṣì fọwọ́ kàn án. Ká ní mẹkáníìkì mi fọwọ́ kàn án ni, wáyà họ́ọ̀nù mi ì bá má já.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí n kò fi gírísì sí i. Mo fi sí i! Ọjọ́ méjì ló fi dákẹ́. Joint tó ti jẹ kò gbọ́ ti gírísì.

Bí wọ́n bá fẹ́ tú joint tàbí rack, kí táyà dúró lọ́gangan, kí wọ́n yọ orí bátìrì, kí wọ́n fi bẹ́líìtì ìjókòó de sítíárìn, kí wọ́n fi ọ̀dà sàmì sí joint kó lè padà síbi tó wà. Ẹ dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi de bọ́ọ̀tì ẹ̀ le. Bọ́ọ̀tì kékeré yẹn ló so ọwọ́ yín mọ́ táyà.

Kí ẹ sì gba ògbólógbòó tí wọ́n bá yọ. Rack mi tí kò ṣe nǹkan kan ṣì wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì yẹn. Ó ní òun ò mọ ibi tí àwọn ọmọ gbé e sí. Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mejì, mo tún ń lọ ní Sátidé yìí.