Ogún tí mo fi gbèsè jẹ: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí object-oriented

Ẹ̀yin àbúrò mi, ọ̀sẹ̀ yìí ló pé ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń fi kóòdù jẹun. Ọjọ́ tó pé gan-an ni ọ̀kan nínú yín ní kí n bá òun yẹ kóòdù wò, mo ṣí i, mo rí class mẹ́fà (class ni àpẹẹrẹ tá a fi ń ṣẹ̀dá object, object sì ni ẹyọ kóòdù tó kó data àtohun tó ń fi í ṣe pọ̀) tó gun ara wọn léjìká. Ẹ̀rín ló pa mí, torí irú ẹ̀ gan-an lèmi náà kọ nígbà yẹn. Ẹ jẹ́ n sọ ẹ̀kọ́ mẹ́ta péré nípa object-oriented, ìyẹn ọ̀nà kíkọ kóòdù tó ń pín iṣẹ́ sáàárín àwọn object.

Èkíní, data kọ̀ọ̀kan, inú object tó ni ín ni kó wà, kẹ́nikẹ́ni má tọwọ́ bọ̀ ọ́ láti ìta. Ibí ni mo ti fojú ara mi rí èrè. A ní class kan tó ń jẹ́ Money, float (nọ́ńbà tó ní pọ́ìǹtì) ló ń lò nínú, float sì ń já wa kulẹ̀ torí 0.1 + 0.2 kì í jẹ́ 0.3 géérégé lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà. Nígbà tá a pààrọ̀ ẹ̀ sí integer (nọ́ńbà odindi), fáìlì kan ṣoṣo la fọwọ́ kàn, àwọn ìyókù ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan yí padà.

Èkejì ni inheritance, ìyẹn kí class kan jogún kóòdù class mìíì. Hmm. Ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀.

Mo ní Payment lókè pátápátá, àwọn class mìíì ń jogún ara wọn lábẹ́ ẹ̀ lọ, kó tó kan RetryPayment, èyí tó ń tún owó tó kọ̀ gbìyànjú, ó ti di ìpele karùn-ún. Refund tó wà fún owó tá a dá padà náà, mo ní kó jogún Payment, kì í ṣe pé ó jọ ọ́ o, save() tó wà níbẹ̀, kóòdù tó ń fi àkọsílẹ̀ pamọ́, ni mo fẹ́ lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀gá tíìmù wo àwòrán bí àwọn class náà ṣe tò, ó ní ó dáa gan-an. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n ní kí oníbàárà máa rí ìméèlì gbà tó bá ti sanwó. Ìlà kan péré ni mo fi kún save() tó wà lókè, àwọn test tó ń yẹ kóòdù wò ò rí àṣìṣe kankan, mo bá lọlé. Kílẹ̀ tó mọ́, àwọn tá a dá owó wọn padà ń gba "a ti rí owó yín, ẹ ṣé". Ti RetryPayment ló burú jù, torí gbogbo ìgbà tó bá gbìyànjú ló ń pe save(), ì báà yọrí ì báà má yọrí, ẹni tí káàdì ẹ̀ kọ̀ nígbà mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹrin la dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ogún ni wọ́n ń pè é lóòótọ́, àmọ́ kò sí ẹni tó ń jogún ilé kó fi gbèsè inú ẹ̀ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, níwájú gbogbo èèyàn, ọ̀gá ní èmi ni mi ò mọ object-oriented lò. Ọ̀gá tó yin àwòrán yẹn náà ni o! Inú ń bí mi dòní.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n lọ wá ẹ̀rí kà. Lọ́dún 1996 àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Strathclyde, Scotland, ní káwọn èèyàn tún kóòdù ṣe, inheritance onípele mẹ́ta yá wọn ju èyí tí kò ní rárá lọ, nígbà tó di márùn-ún èrè yẹn pòórá. Lọ́dún 1999 àwọn kan tún wo iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM, wọn ò rí i pé object-oriented mú iṣẹ́ yá ju ọ̀nà àtijọ́ lọ. Torí náà, ẹni tó bá ń sọ fún yín pé ó kàn ń mú iṣẹ́ yá, ẹ bi í pé ibo ló ti rí i.

Bí mo ṣe tún tèmi ṣe: ìméèlì di object tiẹ̀, owó tó wọlé nìkan ló ń pè é, Refund ò sì jogún ẹnikẹ́ni mọ́. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni gbogbo ẹ̀ gbà.

Ẹ̀kọ́ kẹta ti fò lọ lórí mi. Ìwọ tó ni class mẹ́fà yẹn ṣá, mi ò tíì fọwọ́ sí i o. Kọ́kọ́ sọ fún mi, tí mo bá fi ìlà kan kún èyí tó wà lókè pátápátá, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí èyí tó wà nísàlẹ̀?