Orúkọ Kì í Ṣe Kọ́kọ́rọ́

Kí n tó wọlé fún ẹ̀kọ́ oyè Másítà nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, Excel ni mo sì fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Mo gbà pé mo mọ ohun tí dátábéèsì, ìyẹn àkójọ dátà tí a tò sínú kọ̀ǹpútà, jẹ́. Nígbà tí olùkọ́ wa wá sọ pé a kò ní fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, pé bébà àti pẹ́ńsùlù ni a óò fi máa ya àwòrán àwọn ohun tí a fẹ́ tọ́jú àti bí wọ́n ṣe tan mọ́ ara wọn, ní ìlànà tí onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, Peter Chen, gbé jáde ní ọdún 1976, inú mi kò dùn rárá. Ṣé torí àwòrán yíyà ni mo ṣe san owó iléèwé?

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún wa dá lórí ìforúkọsílẹ̀ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àtẹ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní primary key, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń dá ìlà kan mọ̀ yàtọ̀ sí gbogbo ìlà yòókù, tí ìlà méjì kò sì gbọdọ̀ jọ ní. Mo mú orúkọ ìdílé, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà fóònù òbí, mo so wọ́n pọ̀. Olùkọ́ wa wo ìwé mi, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, “Ìbejì ńkọ́?”

Ojú tì mí gidigidi, nítorí pé Ìdòwú ni mí. Ìbejì ni ìyá mi bí kí wọ́n tó bí mi. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo lè fi orúkọ ọmọ kún un.” Wọ́n ní, “Bí akọ̀wé kan bá kọ Táíwò lónìí, tí òmíràn kọ Táyé lọ́la, ọmọ mélòó ni o ní?”

Lẹ́yìn èyí ni mo tó jókòó ti àpilẹ̀kọ Edgar F. Codd, onímọ̀ tó dá ìlànà fífi àtẹ tọ́jú dátà sílẹ̀, tí wọ́n ní kí á kà. Oṣù kẹfà ọdún 1970 ni ó jáde, ojú ìwé mọ́kànlá péré ni, ṣùgbọ́n ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, nítorí pé èdè ìṣirò ni ọkùnrin náà fi ń sọ̀rọ̀. Ṣáájú àkókò rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ rí dátà kan gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà tò ó sínú ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá tún un tò, ètò tí onítọ̀hún ti kọ dojú rú nìyẹn. Codd ní kí á kàn sọ ohun tí a ń fẹ́, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà. Ó tún ní nínú àtẹ, ìlà kan kò ṣáájú ìkejì. Mo sáré kọjá lórí gbólóhùn yẹn nígbà náà.

Ẹ̀kọ́ nípa transaction, ìyẹn àkópọ̀ iṣẹ́ tí ó gbọ́dọ̀ parí pátápátá tàbí kí ó má ṣẹlẹ̀ rárá, kò ni mí lára, nítorí ẹni tó ń gbé níbi tí iná mànàmáná ti ń lọ láìdágbére kò nílò àlàyé púpọ̀ kí ó tó mọ̀ pé owó tó bá kúrò nínú àkáǹtì kan gbọ́dọ̀ dé èkejì, tàbí kí ó má tilẹ̀ kúrò rárá.

Ohun tí kò sí nínú ìwé ẹ̀kọ́ wa ni mo jìyà rẹ̀ jù. Nínú iṣẹ́ ìparí sáà, mo ní kí PostgreSQL, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tọ́jú dátábéèsì, wá Kẹ́hìndé jáde, ó ní kò sí, bẹ́ẹ̀ mo ń wò ó lójú kòrókòró. Ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ kí n tó rí ìdí rẹ̀: “ẹ” tí ó ní àmì ohùn òkè kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, nítorí náà ẹnìkan lè tẹ “ẹ” kí ó fi àmì lé e lórí, kí ẹlòmíràn tẹ “é” kí ó fi àmì sí i nísàlẹ̀. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Àṣẹ tí wọ́n ń pè ní normalize, tí ó wà nínú PostgreSQL láti ẹ̀dà 13, ni mo fi sọ wọ́n di ọ̀kan. Lójú tèmi, ó yẹ kí yunifásítì tó bá wà nílẹ̀ Yorùbá máa kọ́ni ní èyí kí ó tó kọ́ni ní ohunkóhun mìíràn nípa àtẹ orúkọ.

Nígbà ìsinmi, mo tú Excel ẹgbẹ́ wa palẹ̀. Obìnrin kan wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan ní orúkọ bàbá rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ní orúkọ ọkọ rẹ̀, owó rẹ̀ sì pín sí ibi méjèèjì. Mo fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí kò ní ìtumọ̀ kankan, tí kò sì ní yí padà bí orúkọ, fóònù tàbí àdúgbò tilẹ̀ yí padà. Bàbá kan tó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ wá rí i pé 212 ni ó kan àwọn. “Ìdòwú, ìwọ lo fi mí sẹ́yìn àwọn ọmọ àná wọ̀nyí?” Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Ẹ má bínú, Bàbá. Nọ́ńbà yìí kò mọ àgbà, kò mọ ọmọdé.” Wọ́n ní bí kò bá mọ̀ ọ́n, kí n kúkú fún àwọn ní 1.

N kò yí i padà. Òpó kan, ìyẹn column, ni mo fi kún àtẹ náà fún ọjọ́ tí kálukú wọ ẹgbẹ́, òun ni a sì ń tẹ̀lé to orúkọ nígbàkigbà tí a bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde fún ìpàdé. 212 ṣì ni nọ́ńbà Bàbá, àwọn ni wọ́n sì ń ṣáájú.