Kí ẹ tó kọ oògùn "tó le" fún ẹni tí ẹ yọ eyín rẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ eyín, ọ̀rọ̀ oògùn ìrora "tó le" ni mo fẹ́ fi fà yín létí. Aláìsàn á ní, "Dókítà, ẹ fún mi ní èyí tó lágbára," ọkàn yín á sì sáré lọ sórí codeine, oògùn ìrora tó jẹ́ ẹbí morphine. Ẹ ṣe sùúrù. Ẹran ìdí eyín tó wú ni ìrora ẹni tí a yọ eyín rẹ̀ ti ń wá, prostaglandin, èròjà tí ara ń ṣe níbi tó bá fara pa, ló sì ń fà á. Ibẹ̀ gan-an ni ibuprofen ń dí. Codeine ní tirẹ̀, ọpọlọ ló ń bá ṣiṣẹ́, ẹ̀dọ̀ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ di morphine, èyí tó ń pa ìrora gan-an. Ẹ̀dọ̀ ẹlòmíì kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é. Ti ẹlòmíì á ṣe é láṣejù, tí èémí á fi máa falẹ̀.

Bí ẹ bá ń ka ìwádìí tó fi oògùn wé oògùn, ẹ wo ìwọ̀n tí wọ́n lò kí ẹ tó wo èyí tó borí. Àyẹ̀wò ọdún 2013 tí Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ yẹ̀ wò, ṣe lórí yíyọ eyín ọgbọ́n rí i pé ibuprofen 400 mg ṣiṣẹ́ ju paracetamol 1,000 mg lọ, àti pé lílo méjèèjì pọ̀ tún dáa jù. Ẹni tó bá fi ibuprofen 400 wé paracetamol 500 ti ṣègbè kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Wákàtí mélòó kan péré ni ọ̀pọ̀ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ sì fi ń ṣọ́ aláìsàn. Ẹ má fi í sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ kẹta.

Àsìkò lílò ló máa ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ dókítà jù. Aláìsàn á fọwọ́ kan ètè rẹ̀ tí abẹ́rẹ́ ti mú kú tipiri, á ní "kò tiẹ̀ dùn mí," á ki oògùn bọ àpò. Nígbà tí agbára abẹ́rẹ́ náà bá fi máa tán, ìrora ti ṣíwájú oògùn. Ẹ jẹ́ kó lo ti àkọ́kọ́ kí ẹnu tó jí.

Ẹ bi í léèrè ọgbẹ́ inú, kíndìnrín, ikọ́ fée, oyún àti oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí ẹ tó kọ ibuprofen. Paracetamol kò gbọdọ̀ kọjá 4,000 mg láàárín wákàtí 24 fún àgbàlagbà, ti inú oògùn ọ̀fìnkìn ńkọ́? Ẹ kà á mọ́ ọn.

Bí ìrora bá wá ń le sí i lọ́jọ́ kẹta, tó ń ta dé etí, tí ẹnu ń rùn, ẹ má fi oògùn kún oògùn. Ẹ ní kó ya ẹnu, kí ẹ wo ihò eyín náà. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì inú rẹ̀ bá ti ṣí kúrò, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi oògùn dí i.